Ọ̀nà láti wọ kọ̀ǹpútà tó jìnnà sí yín: SSH, RDP, AnyDesk, RustDesk àti Tailscale lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù òògùn ní Ìjẹ̀bú-Òde pè mí. Ó ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tajà ti dákẹ́ gan-an, wọn ò rí ọjà tí wọ́n tà lọ́jọ́ náà kọ sílẹ̀. Ìbàdàn ni mo wà. Mo bi í bóyá ẹni tó bá wọn to kọ̀ǹpútà náà ṣe ọ̀nà tí èèyàn lè gbà wọ̀ ọ́ láti ìta. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ka nọ́ńbà kan fún mi lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ǹpútà. Àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù wọn ni, pásíwọ́ọ̀dù sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo wọlé. Wàhálà ọjọ́ náà kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ohun tí mo rí lẹ́yìn náà ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ààbò Windows, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń kọ gbogbo ẹni tó bá kanlẹ̀kùn sílẹ̀. 4625 ni àmì tí Windows máa ń fi sí ẹni tó gbìyànjú láti wọlé tí kò rí ọ̀nà. 4625 ló kún ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: Administrator, admin, test, user, reception, Administrator lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, lóru, lọ́sàn-án, títí kan ọjọ́ Àìkú tí wọn kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù. Èèyàn kọ́ ló jókòó tó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ni, kì í sì í rẹ ẹ̀rọ.

Ẹni tó to kọ̀ǹpútà náà ti ṣí póòtù 3389 sílẹ̀ lórí ráútà. Póòtù dà bí ilẹ̀kùn onínọ́ńbà; èyí ni Windows fi ń gba àlejò tó bá gba ọ̀nà RDP wọlé, ìyẹn ohun èlò Microsoft tó ń fi ojú kọ̀ǹpútà tó jìnnà hàn. Bí ẹ bá ṣí i sójú íntánẹ́ẹ̀tì, kì í pẹ́ tí àwọn ẹ̀rọ tó ń rìn káàkiri ayé láti wá ilẹ̀kùn tó ṣí yóò fi rí i. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ọ́. Ibi tí ògiri ti lanu rèé, orúkọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀ sì ni pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi dí i. Inú kọ̀ǹpútà yẹn ni orúkọ àwọn aláìsàn wà, òògùn tí kálukú ń lò, àti nọ́ńbà fóònù wọn. Láti ọdún 2023 tí òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ni òfin yóò kọ́kọ́ bi léèrè bí nǹkan wọ̀nyí bá jáde síta.

Ìbéèrè méjì tó yẹ kó ṣáájú

Àwọn èèyàn sábà máa ń bi mí pé èwo ló yá jù, èwo ló jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ kì í ṣe òun ni mo máa fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n pé, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn? Ṣé ẹnì kan yóò wà nídìí kọ̀ǹpútà yẹn tí yóò gbà kẹ́ ẹ wọlé, àbí ẹ fẹ́ máa wọlé nígbà tí kò sẹ́nikẹ́ni níbẹ̀? Lẹ́yìn náà, mo máa ń bi wọ́n pé, ilé ta ni ọ̀nà gbà kọjá? Àwọn kan lọ tààrà láti kọ̀ǹpútà tiyín sí èkejì. Àwọn mìíràn ní ilé-iṣẹ́ kan láàárín, ní Jámánì tàbí ní Amẹ́ríkà, tó ń mú ẹ̀yin méjèèjì pàdé ara yín. Bí wọ́n bá ja ilé-iṣẹ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ti kàn yín nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ wa ni kò tilẹ̀ lè lọ tààrà. Bó bá jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù lẹ̀ ń lò, ó dà bí agboolé ńlá tí gbogbo yàrá inú rẹ̀ ń jẹ́ nọ́ńbà ojúlé kan ṣoṣo. Ará inú ilé lè jáde nígbàkígbà, àmọ́ àlejò tó ń ti ìta bọ̀ kò ní mọ yàrá tí yóò kàn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rẹ́ yín ní London fi lè máa wọ kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ tààrà, kó kọ́ yín bó ṣe ń ṣe é, kó má sì ṣiṣẹ́ fún yín.

SSH: fún ẹni tí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn) jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀

Ní ọdún 1995, ẹnì kan fi sọ́fítíwíà tó ń yọ́ gbọ́rọ̀ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Helsinki, ní Finland, ó sì ń ṣa pásíwọ́ọ̀dù àwọn èèyàn jọ bí wọ́n ṣe ń kọjá. Telnet wà lára ohun tí wọ́n fi ń tẹ àṣẹ sórí kọ̀ǹpútà tó jìnnà nígbà yẹn, gbogbo ohun téèyàn bá sì tẹ̀ sínú Telnet ló ń lọ níhòòhò. Tatu Ylönen, tó ń ṣèwádìí ní yunifásítì náà, ló jókòó tó kọ SSH láti fi rọ́pò rẹ̀. Póòtù 21 jẹ́ ti FTP tí wọ́n fi ń gbé fáìlì, 23 jẹ́ ti Telnet, ó wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní 22 tó wà láàárín wọn. Wọ́n fún un, 22 náà ló sì wà dòní. OpenSSH ni ọ̀pọ̀ wa ń lò báyìí. Àwọn tó ń ṣe OpenBSD ló gbé e jáde ní 1999, ọ̀fẹ́ ni. Ó wà nínú Linux, ó wà nínú Mac, ó sì ti ń bá Windows 10 wá láti 2018, kò pọn dandan mọ́ kẹ́ ẹ máa wá áàpù SSH bíi PuTTY kiri.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú SSH ni kọ́kọ́rọ́. Ẹ tẹ ssh-keygen -t ed25519 lórí kọ̀ǹpútà tiyín, yóò bí fáìlì méjì. Èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pub dà bí àgádágodo: ẹ lè fi kọ́ ẹnu ọ̀nà sáfà mẹ́wàá, ẹ lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kò séwu. Fáìlì kejì ni kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀. Òun kò gbọdọ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín láé, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀rọ̀ àṣírí tì í. Sáfà kò ní béèrè pásíwọ́ọ̀dù mọ́. Yóò kàn ní kẹ́ ẹ fi hàn pé ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ tó ṣí àgádágodo yìí wà, kọ́kọ́rọ́ náà kò sì ní jáde kúrò nílé. Tó bá ti ṣiṣẹ́, ẹ ṣí fáìlì sshd_config lórí sáfà, ẹ kọ PasswordAuthentication no síbẹ̀, kẹ́ ẹ tún sshd, ìyẹn apá SSH tó ń gba àlejò, bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀rọ tó ń fi òru tẹ admin, test, user ti ń ṣiṣẹ́ òfo. Àmọ́ ẹ má pa ojú fèrèsé tẹ́ ẹ ti wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí òmíràn kẹ́ ẹ fi dán an wò ná, kẹ́ ẹ má baà tì ara yín mọ́ta. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí lórí sáfà oníbàárà kan, ọ̀sán gbogbo ni mo fi bẹ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n yá sáfà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó bá mi ṣí i.

Nígbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá wọ sáfà kan, SSH yóò sọ pé òun ò mọ ẹni yìí rí, yóò sì fi àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn yín, lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan tí SHA256 wà níwájú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wa kàn ń tẹ yes ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á, kẹ́ ẹ fi wé èyí tí ẹni tó ni sáfà bá fún yín. Lọ́jọ́ tí SSH bá sì pariwo pé àmì náà ti yí padà, ẹ dúró. Ó lè jẹ́ pé wọ́n tún sáfà náà tò ni. Ó sì lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ló dúró láàárín ọ̀nà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ní ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já, SSH lásán kò ní sùúrù. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ díẹ̀, ojú fèrèsé yóò dì, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe lọ́wọ́ lè ṣòfò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń sọ èyí fún àwọn tí mo bá kọ́: ẹ ṣí tmux, tí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ dúró bí ọ̀nà bá já, lórí sáfà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó gùn, kó lè máa dúró dè yín. Mosh náà wà, èyí tí wọ́n gbé jáde ní yunifásítì MIT, ní Amẹ́ríkà, ní 2012. SSH ló fi ń wọlé, àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè kúrò lórí Wi-Fi bọ́ sórí dátà fóònù, ẹ lè pa láptọ́ọ̀pù dé láti Ìbàdàn dé Ṣàgámù, ẹ̀ẹ́ ṣí i ẹ̀ẹ́ bá iṣẹ́ yín níbẹ̀. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tiwa níbí, kò sí èyí tó tù mí lára tó o.

SSH náà ní ọjọ́ ẹ̀rù tirẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2024, Andres Freund, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Microsoft, ṣàkíyèsí pé wíwọlé SSH lórí kọ̀ǹpútà òun ti fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ sí i. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá! Ó tọpa rẹ̀ títí tó fi rí i pé ẹnì kan tó ń jẹ́ Jia Tan ti fi ohun tó lé ní ọdún méjì ṣe bí ọ̀rẹ́ fún àwọn tó ń tọ́jú sọ́fítíwíà kékeré kan tó ń jẹ́ xz, tí SSH ń gbára lé lórí àwọn Linux kan, ó sì ti kó ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú ẹ̀yà 5.6.0 àti 5.6.1. Bí kóòdù náà kò bá ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kà, mi ò mọ ẹni tí ì bá rí i. Ìdí nìyẹn tí mo ṣì fi gbẹ́kẹ̀ lé e ju àwọn tó kù lọ.

Kìkì pé ọ̀rọ̀ kíkọ lásán lẹ ó rí, kò ní fi àwòrán ojú kọ̀ǹpútà hàn yín. Ìyá olóògùn kò lè fi ṣe nǹkan kan.

RDP àti VNC

RDP jẹ́ ti Microsoft. Bí Windows orí kọ̀ǹpútà kejì bá jẹ́ Pro, ó ti wà nínú rẹ̀, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ Home, ẹ lè fi jáde lọ síbòmíràn, àmọ́ òun kò ní gba àlejò. Ẹ yẹ èyí wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó ń fi ojú kọ̀ǹpútà hàn, RDP ni mo rí tó fara da íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wọ́ jù, pàápàá tẹ́ ẹ bá ní kó má gbé àwòrán ẹ̀yìn ojú kọ̀ǹpútà wá. Àmọ́ bí ẹ bá ti wọlé, ojú kọ̀ǹpútà yóò tì mọ́ ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀. Akọ̀wé owó tó ń ti ilé ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yóò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ níṣẹ́ kò ní rí nǹkan kan.

Ibi tí VNC, òmíràn tó ń fi ojú kọ̀ǹpútà hàn, ti yàtọ̀ nìyẹn. Ilé ìwádìí Olivetti àti Oracle ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti jáde láàárín àwọn ọdún 1990, ojú kan náà sì ni ẹ̀yin méjèèjì ó jọ máa wò. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac. Àbùkù rẹ̀ ni pé VNC ti àtijọ́ kì í ka ju lẹ́tà mẹ́jọ nínú pásíwọ́ọ̀dù yín lọ, kì í sì í bo ohun tó ń kọjá. Àwọn ẹ̀yà tuntun bíi ti RealVNC ti tún èyí ṣe. Bó bá jẹ́ ti àtijọ́ lẹ ní, ẹ mú un gba inú SSH kọjá: ssh -L 5901:localhost:5900, orúkọ sáfà yóò tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ wá darí VNC sí localhost:5901. Ẹni tó bá ń yọ́ gbọ́rọ̀ lójú ọ̀nà kò ní rí ju àdììtú lọ.

Ohun tí mo sọ nípa póòtù 3389, kì í ṣe nítorí pásíwọ́ọ̀dù nìkan. Ní oṣù Karùn-ún 2019, Microsoft kéde àléébù kan nínú RDP tí wọ́n pè ní BlueKeep. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò kò nílò pásíwọ́ọ̀dù rárá, àkóbá náà sì lè máa fò láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Microsoft fi ṣe àtúnṣe fún Windows XP pàápàá, èyí tí wọ́n ti pa tì láti ọdún márùn-ún ṣáájú. Windows 10 náà, wọ́n ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró fún gbogbo ènìyàn ní oṣù Kẹwàá 2025. Àìmọye ṣọ́ọ̀bù ló ṣì ń lò ó.

TeamViewer àti AnyDesk

Jámánì ni àwọn méjèèjì ti wá: Göppingen ni TeamViewer, láti 2005, Stuttgart ni AnyDesk, láti 2014. Bákan náà ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún ṣí áàpù, nọ́ńbà kan jáde, ó kà á fún yín, ó tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà, ẹ wọlé. Ẹ ò fọwọ́ kan ráútà, agboolé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò sì dí yín lọ́wọ́, torí pé àwọn méjèèjì ló ń jáde lọ pàdé ara wọn lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ fún ọdún bíi mélòó kan. AnyDesk kéré, ó yá, kò wúwo lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́. TeamViewer ní ohun èlò tó pọ̀ jù ú lọ fún ọ́fíìsì ńlá, owó rẹ̀ náà sì pọ̀. Ọ̀fẹ́ tí àwọn méjèèjì ń ṣe, fún lílò ara ẹni ni. Bí wọ́n bá fura pé ẹ fi ń ṣòwò, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í já yín láàárín iṣẹ́. Kì í ṣe ẹ̀tàn, inú àdéhùn ló wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi wọ́n jẹun, ẹ fi owó wọn sínú ìṣirò yín.

Ní ti ilé ta ni ọ̀nà gbà kọjá, ọdún 2024 dá wa lẹ́kọ̀ọ́ lórí àwọn méjèèjì. Ní oṣù Kejì, AnyDesk kéde pé àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ sáfà wọn, wọ́n sì ní kí gbogbo ènìyàn yí pásíwọ́ọ̀dù padà, kí wọ́n sì gba ẹ̀yà tuntun. Ní oṣù Kẹfà, TeamViewer kéde pé irú àwọn olè bẹ́ẹ̀ wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì tiwọn, wọ́n sì ní kò dé ibi tí dátà oníbàárà wà. Mo gbóríyìn fún wọn pé wọ́n sọ ọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ti àkọ́kọ́, mo jókòó mo ka iye kọ̀ǹpútà tí mo ti fi pásíwọ́ọ̀dù ayérayé sí, tí mo lè wọ̀ láìsí ẹni níbẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ewu tó ń bà mí lẹ́rù jù kì í tilẹ̀ ṣe ti àwọn tó ń ja sáfà. Ọkùnrin kan pe ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Abẹ́òkúta, ó ní báǹkì lòun ti ń pè, pé owó ìfẹ̀yìntì wọn ti fẹ́ há. Ó ní kí wọ́n gbé áàpù kan sórí fóònù, kí wọ́n ka nọ́ńbà tó bá yọ fún òun. Àǹtí ti ka mẹ́rin nínú rẹ̀ kí ọmọ ọmọ wọn tó gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Áàpù gidi ni, irú èyí tí èmi náà fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ bá mi sọ fún àwọn òbí yín: kò sí báǹkì tó ń ní kéèyàn ka irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ bá fún ní nọ́ńbà yẹn, ẹ ti fà á wọ yàrá.

Chrome Remote Desktop àti Quick Assist

Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì. Chrome Remote Desktop jẹ́ ti Google. Bó bá jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, kóòdù nọ́ńbà méjìlá ni yóò bí, kóòdù náà yóò kú láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, yóò sì máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bóyá ó ṣì fẹ́ kẹ́ ẹ wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn púpọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa wọlé nígbàkígbà, PIN nọ́ńbà mẹ́fà ó kéré tán ni, pẹ̀lú àkáǹtì Google yín. Nítorí náà, ẹni tó bá gba Gmail yín ti sún mọ́ kọ̀ǹpútà yín. Ẹ fi kóòdù kejì orí fóònù dáàbò bo Gmail náà.

Quick Assist ti wà nínú Windows: ẹ tẹ Ctrl, Windows àti Q pọ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣèrànwọ́ nìkan ló nílò àkáǹtì Microsoft. Fún ìrànlọ́wọ́ kékeré, ó tó. Microsoft fúnra wọn kìlọ̀ ní 2024 pé àwọn oníjìbìtì ń fi í wọ ọ́fíìsì àwọn èèyàn, ọ̀nà kan náà tí wọ́n gbà bá àǹtí mi sọ̀rọ̀.

RustDesk: ilé tiyín ni kí ọ̀nà gbà

RustDesk ṣe ohun tí AnyDesk ń ṣe, ojú rẹ̀ tilẹ̀ jọ ọ́, àmọ́ kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ẹ sì lè gbé sáfà àárín kalẹ̀ fúnra yín. Sọ́fítíwíà kékeré méjì ni: hbbs tó ń mú èèyàn méjì pàdé ara wọn, àti hbbr tó ń bá wọn gbé ẹrù nígbà tí wọn ò lè lọ tààrà. Sáfà olówó pọ́ọ́kú tẹ́ ẹ ń yá lóṣooṣù lè gbé méjèèjì. Ẹ óò ṣí póòtù 21115 títí dé 21117, kẹ́ ẹ sì rántí pé 21116 nílò UDP pẹ̀lú TCP, ọ̀nà méjì tí dátà ń gbà rìn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń kọsẹ̀ sí nìyí: UDP ni wọ́n ń gbàgbé, wọ́n á wá sọ pé RustDesk ò dára. Lẹ́yìn náà ẹ da ohun tó wà nínú id_ed25519.pub kọ sínú áàpù orí gbogbo kọ̀ǹpútà yín, kí àlejò má baà máa fi sáfà yín gbé ẹrù tirẹ̀.

Ẹ ó ṣiṣẹ́ o. Sáfà náà ti di ẹrù yín: ẹ̀yin ni yóò máa fi àtúnṣe tuntun sí i, ẹ̀yin ni yóò jí bó bá kú lóru. Ẹni tí kò ní àkókò yẹn, kó sanwó fún àwọn ará Jámánì, kò sí àbùkù níbẹ̀.

Tailscale: ọgbà tí a fi yí gbogbo rẹ̀ ká

Èyí kì í fi ojú kọ̀ǹpútà hàn yín fúnra rẹ̀. Ọgbà ni. Ẹ fi sórí láptọ́ọ̀pù yín, ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, ẹ wọlé pẹ̀lú àkáǹtì kan náà, àwọn méjèèjì á wá máa rí ara wọn bí ẹni pé yàrá kan náà ni wọ́n wà, pẹ̀lú àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100. Inú ọgbà yìí lẹ ti wá máa lo RDP tàbí SSH, láìṣí póòtù kankan sójú ayé. WireGuard, sọ́fítíwíà tó ń fi àdììtú bo ọ̀nà, tí Jason Donenfeld kọ, ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n gbà wọ inú Linux fúnra rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2020. Ilé-iṣẹ́ Tailscale wà ní Toronto. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ kì í kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín. Àgádágodo nìkan ni wọ́n ń bá yín pín kiri. Ó mọ bí a ti ń gba inú agboolé jáde, ibi tí kò bá sì ti rí i ṣe, yóò gbé ẹrù gba sáfà agbedeméjì wọn kọjá, nínú àdììtú. Fún ènìyàn díẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Àárín òun àti RustDesk ni ọkàn mi máa ń ṣe méjì jù. RustDesk dára bí àwọn tẹ́ ẹ ń ràn lọ́wọ́ bá pọ̀, tí wọn kì í ṣe ará ilé yín. Tailscale dára bí kọ̀ǹpútà náà bá jẹ́ tiyín. Nǹkan kan péré ló ti dá mi láàmú nínú rẹ̀: lẹ́yìn ọgọ́sàn-án ọjọ́, yóò ní kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tún wọlé lákọ̀tun. Bí kò bá sẹ́ni níbẹ̀, kọ̀ǹpútà náà ti jábọ́ nìyẹn. Ẹ lè pa ètò yìí fún èyí tó bá jìnnà sí yín.

| | Ṣé dandan ni kẹ́nì kan wà níbẹ̀? | Ibi tí ọ̀nà gbà | Owó |
|---|---|---|---|
| SSH | Rárá | Tààrà | Ọ̀fẹ́ |
| RDP | Rárá | Tààrà | Bá Windows Pro wá |
| AnyDesk, TeamViewer | Ẹ lè pàṣẹ bẹ́ẹ̀ | Ilé-iṣẹ́ wọn | Ọ̀fẹ́ fún ara ẹni nìkan |
| Quick Assist | Bẹ́ẹ̀ ni | Microsoft | Ọ̀fẹ́ |
| RustDesk | Ẹ lè pàṣẹ bẹ́ẹ̀ | Sáfà yín | Owó sáfà |
| RDP nínú Tailscale | Rárá | Tààrà, tàbí agbedeméjì | Ọ̀fẹ́ fún ènìyàn díẹ̀ |

Bó bá jẹ́ èmi ni yóò yàn

Ẹ wà ní Houston, màmá yín wà ní Òṣogbo, láptọ́ọ̀pù Windows ni wọ́n fi ń wo ìsìn ọjọ́ Àìkú? Quick Assist. Ẹ má fi ohun tó ń ṣí fúnra rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà wọn. Kí ohùn yín wà lórí fóònù kí wọ́n tó ka kóòdù fún yín, kí wọ́n sì mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ gbọ́dọ̀ pe àwọn, kì í ṣe ẹni tó bá sáré pè.

Ẹ ní sáfà tẹ́ ẹ yá, ìkànnì oníbàárà yín wà lórí rẹ̀? SSH pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, mosh àti tmux. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní òmíràn.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí kọ̀ǹpútà wọn kò ju mẹ́ta lọ, tí akọ̀wé fẹ́ máa ti ilé ṣiṣẹ́: RDP nínú Tailscale. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún ogún ṣọ́ọ̀bù: RustDesk lórí sáfà tirẹ̀, tàbí kó sanwó AnyDesk.

Ẹ rántí iná náà. Kò sí èyí nínú wọn tó lè wọ kọ̀ǹpútà tó ti kú. Ẹ wọ BIOS, ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tan, lórí kọ̀ǹpútà tó wà lọ́hùn-ún, ẹ wá ibi tó ti ń béèrè ohun tí yóò ṣe bí iná bá lọ tó sì padà, kẹ́ ẹ ní kó máa tan ara rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ amúnádúró kékeré gbé ráútà. Bó bá sì jẹ́ iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ dúró, ẹ ní ọ̀nà kejì: ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta 2024 tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mẹ́rin já nítòsí Abidjan, ẹni tí ọ̀nà tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dé òkèèrè kó tó padà wá sílé mọ̀ ọ́n lára.

Ní ti ìyá olóògùn, mo ní kí wọ́n pa póòtù 3389 lórí ráútà ní alẹ́ yẹn gan-an, kí n tó sùn. Ní Sátidé, mo wọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. A ya bébà ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ǹpútà, a yí pásíwọ́ọ̀dù, a fi Tailscale sórí kọ̀ǹpútà náà àti sórí láptọ́ọ̀pù mi. A wá jókòó ka orúkọ àwọn tó ní àṣẹ láti wọlé. Márùn-ún ni wọ́n, méjì nínú wọn ti kúrò níṣẹ́ láti ọdún tó kọjá. Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló di máòsì mú tó pa orúkọ méjèèjì rẹ́. Lọ́jọ́ Ajé mo tún wo ìwé àkọsílẹ̀: 4625 kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọmọ tó ń tajà ló ṣi pásíwọ́ọ̀dù tuntun tẹ̀ láàárọ̀.